Kì í ṣe èmi ni mò ń wa hẹlikópítà

Bí àwọn ará ilé ní Abẹ́òkúta bá ti gbọ́ pé mo wà nínú ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ṣé ìwọ lò ń wa hẹlikópítà?" Rárá o. Èmi ni mo máa ń dè é mọ́lẹ̀ tó bá bà tán. Bọ̀ọ̀dá mi kan ní, "Bí ewúrẹ́?" Bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọkọ̀ tí mo wà nígbà RIMPAC 2022, ìdánrawò ogun tí àwọn ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ ṣe ní Hawaii, kì í ṣe irú èyí tí bàálù ń sáré lórí rẹ̀ kó tó gbéra. Ìdí ọkọ̀ nìkan ni hẹlikópítà ráyè bà sí, òkun sì ń fì í. Kó tó dé, gbogbo wa á tò, a ó dorí kodò, a ó máa ṣa ìṣó àti wáyà kúrò nílẹ̀, torí bí ẹ́ńjìnnì bá fa ìṣó kan ṣoṣo mì, wàhálà dé. Ọ̀gá ọkọ̀ á wá yí ọkọ̀ sí ibi tí atẹ́gùn ti dára fún un. Ariwo kì í jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó wọ yẹ́lò ló ń darí rẹ̀. Tó bá bà, àwa tá a wọ búlúù á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó sáré wọ abẹ́ fáànù tó ṣì ń yí, a ó dí táyà, a ó sì fi ṣéènì dè é.

Bí òkun bá ń bínú, ẹ̀rọ kan wà tó ń fi wáyà fà á wálẹ̀. Àwọn ará Kánádà ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, láyé ọdún 1960 sí 1969. Iná mànàmáná máa ń kó jọ sára hẹlikópítà lófuurufú, nítorí náà ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà yẹn kí a tó fi ọ̀pá tú iná náà dànù sílẹ̀.

Orílẹ̀-èdè 26 ló wá sí RIMPAC náà, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun 38. Fídíò ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n yin ohun ìjà sí títí ó fi rì ni gbogbo ayé ń pín kiri. Lójú tèmi, iṣẹ́ gan-an ni kí hẹlikópítà orílẹ̀-èdè mìíràn lè bà sọ́dọ̀ wa, kó gba epo, kó máa lọ. Ọ̀kan bà, kò tiẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Bó ṣe gbéra, ọ̀rẹ́ mi tó ń bu epo, tó wọ aṣọ elésè àlùkò, pariwo pé kò tíì sanwó.