Wọ́n ní ta ló bẹ̀ mí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú sísin èèyàn

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú aláìsàn nínú ìjọ rí á mọ̀ ọ́n. Màmá kan dùbúlẹ̀ àìsàn, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fọ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí, kò sẹ́ni tó rán mi, ìfẹ́ Kristi ni. Ara wọn yá. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ wọ́n dárúkọ pásítọ̀, wọ́n dárúkọ àwọn tó fowó ránṣẹ́, wọn ò dárúkọ mi. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí o, ẹ má rò pé ìyìn ni mò ń wá. Lẹ́yìn ìsìn mo lọ kúnlẹ̀ kí wọn, ni wọ́n bá sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé, "Ṣé o wá gba owó iṣẹ́ ni? Ta ló bẹ̀ ẹ́?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mi ò lè dìde lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n, omijé ń bọ́ lójú mi, kò sì sẹ́ni tó fà mí sókè.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e mo padà lọ fọ aṣọ wọn. Jòhánù orí 13 ló gbé mi débẹ̀.

Iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni ẹsẹ̀ wíwẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Jésù ti mọ ẹni tó máa da òun, síbẹ̀ ó di aṣọ ìnura mọ́dìí, ó bomi, ó wẹ ẹsẹ̀ Júdásì mọ́ tàwọn yòókù, torí lẹ́yìn náà ni Júdásì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ gbà mí o, Júdásì pàápàá! Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ kejì ò yàtọ̀ púpọ̀: ẹ wo ẹsẹ 3, Jésù mọ̀ pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run lòun ti wá, torí náà ìkúnlẹ̀ yẹn ò dín in kù, ọ̀rọ̀ màmá yẹn náà ò dín èmi kù. Mi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni jókòó síbi tí wọ́n ti ń lù ú o, ìyẹn kì í ṣe ìsìn. Àmọ́ tó bá jẹ́ àìmoore lásán ni, ẹsẹ̀ Júdásì ni kẹ́ ẹ rántí. Tó bá sì rẹ̀ yín, ẹ pe ẹlòmíì nínú ìjọ kẹ́ ẹ jọ máa pín in ṣe, ẹ má dá a gbé.