Ìbọn Kì Í Kọ̀, Òfin Ni Kò Dúró

Bàbá mi ní ìbọn ṣakabùlà kan tó sọ ní Májẹ̀ẹ́ńpadàlófo. Àdúrà ni orúkọ yẹn o, kì í ṣe ẹ̀rí. Lóru ọjọ́ kan tí òjò ti ń winni láti ìrọ̀lẹ́, ìmàdò kan já lù ú lẹ́yìn oko ẹ̀gẹ́ wa ní apá Ìgbòho. Ó na ìbọn, ó fà á, ohun tó gbọ́ kò ju "kẹ́" lọ. Ẹ̀tù ti rin. Orí igi igbá ló sùn mọ́jú, ìmàdò sì ń fi imú tú ìdí igi náà bí ẹni tó ri owó mọ́bẹ̀. Títí bàbá fi relé ló ń sọ ìtàn yìí fún wa, ẹranko náà sì ń sanra sí i lọ́dọọdún.

Ìtàn yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn ní oṣù Kọkànlá kan níbí, ní Saskatchewan ní ilẹ̀ Kánádà, nínú pápá tí yìnyín bò, tí òtútù ti wọ 20 lábẹ́ òdo. Èmi àti ẹnì kan tá a jọ ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà la lọ dẹ àgbọ̀nrín. Onírùngbọ̀n ni mo ń pè é. Òun náà ń pè mí ní orúkọ kan tó rò pé Yorùbá ni, ó ti rẹ̀ mí láti máa tún un ṣe. Ìbọn tó gbé lé mi lọ́wọ́ ju àwa méjèèjì lọ lọ́jọ́ orí. Àmì ìràwọ̀ kan wà lórí irin tó bò ó lẹ́yìn, ọfà wà nínú ìràwọ̀ náà, 1951 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ ìbọn tó wà ní Tula ní Rọ́ṣíà ló rọ ọ́, nígbà tí Stalin ṣì wà lórí àga. SKS lorúkọ rẹ̀. Mo nà án, mo fà á, ó dún. Mo tún fà á, ó tún dún. Àgbọ̀nrín bá tirẹ̀ lọ. Ẹ má bá mi wí, ìbọn ni mo ń ròyìn, n ò ròyìn ojú mi.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ ló rọ Májẹ̀ẹ́ńpadàlófo. Páìpù irin ni ẹnu rẹ̀, igi apá ni ìdí rẹ̀. Kí bàbá mi tó yìn ín lẹ́ẹ̀kan, á da ẹ̀tù sí i láti inú àdó, á fi àkísà dí i, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, á da ọta sí i, á tún fi àkísà dí i, á wá fi káàpù, ohun kékeré tó ń ta iná sí ẹ̀tù, sí ìdí rẹ̀. Ẹran tó bá dúró de gbogbo ìyẹn, ikú ló ń wá tẹ́lẹ̀. Bí ẹ̀tù bá kéré, ọta á kàn bọ́ sílẹ̀ níwájú ọdẹ. Bó bá sì pọ̀ jù, páìpù á bẹ́. Mo mọ ọdẹ kan nílùú wa tó jẹ́ ìka mẹ́ta ló fi ń bọ èèyàn lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa ń bi í léèrè ibi tí méjì yòókù lọ.

Ní ti SKS, ńṣe ló ń ki ara rẹ̀. Sergei Simonov ló ṣètò rẹ̀ ní 1945. Bí ọta bá ti ń jáde, díẹ̀ nínú ooru ẹ̀tù tó ń tì í á gba ihò kékeré kan sókè, á ti ọ̀pá kan sẹ́yìn. Ọ̀pá yẹn ló máa ṣí irin tó dé ìdí ọta, kóro òfìfo á fò jáde, sípírìǹgì á dá irin náà padà, bó sì ṣe ń padà bọ̀ ni yóò gbé ọta mìíràn wọlé. Iṣẹ́ ìka nìkan ló kù fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan tó o bá fà á, ọta kan ṣoṣo ni. Kì í da ọta bí òjò bíi AK tí ẹ ń rí lọ́wọ́ sójà. Ojú wẹ́dà ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò: irin líle tí wọ́n gbẹ́ ni, igi ni ìdí rẹ̀, kò sí ike kankan níbẹ̀ tó máa gbó. Àyè tó wà láàárín irin àti irin pọ̀ débi pé iyanrìn díẹ̀ tàbí yìnyín díẹ̀ kò lè dá a dúró.

Síbẹ̀, ó ní àìsàn tirẹ̀. Iyọ̀ wà nínú ohun tó ń dáná sí ọ̀pọ̀ ọta àtijọ́ tí wọ́n ń kó wá nínú agolo láti ìlà-oòrùn Yúróòpù. Bí o bá yìn ín tán tó o sì gbé ìbọn kọ́, iyọ̀ yẹn á máa fa omi inú afẹ́fẹ́, kò ní pẹ́ tí ìpatà á fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tá a délé lọ́jọ́ náà, Onírùngbọ̀n gbé kẹ́tùlù kaná, ó da omi gbígbóná gba ẹnu ìbọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó nù ún, ó fi òróró pa á. Ẹ̀rín pa mí. Ohun tí ìyá mi máa ń ṣe láàárọ̀ tí bàbá bá ti ìgbẹ́ ọdẹ dé nìyẹn: ìkòkò omi gbígbóná, nítorí èérí tí ẹ̀tù dúdú ń fi sílẹ̀ náà ń fa omi, ó sì ń jẹ irin. Onírùngbọ̀n bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ìtọ́jú ìbọn. Mo ní ìyá mi. Ó wò mí bíi pé mo ń ṣe yẹ̀yẹ́.

Àìsàn kejì burú jù. Abẹ́rẹ́ tó ń gún ìdí ọta, nínú èyí tó pọ̀ jù nínú SKS, kò ní sípírìǹgì tó ń fà á sẹ́yìn, ńṣe ló ń yọ̀ síwá-sẹ́yìn bó ṣe wù ú. Gírísì líle tí wọ́n fi kun àwọn ìbọn yìí nígbà tí wọ́n ń tọ́jú wọn pamọ́, bó bá ṣẹ́kù sínú ihò abẹ́rẹ́ náà, abẹ́rẹ́ lè há síwájú, ìbọn á sì yìn fúnra rẹ̀ nígbà tó o bá ń ti ọta bọ̀ ọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí Onírùngbọ̀n lọ́dún tó kọ́kọ́ rà á. Ilẹ̀ ni ẹnu ìbọn kọjú sí, Ọlọ́run ló yọ bàtà rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, á kọ́kọ́ fi kẹrosíìnì fọ irin yẹn, á gbé e sétí, á mì í, kó lè gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń ró kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ nínú rẹ̀. Bí kò bá ró, kò ní yìn ín.

Irin nìyẹn. Ti ìwé ló gùn.

Òfin ìbọn tí Nàìjíríà ń lò, 1959 ni wọ́n ṣe é, òmìnira ò tíì dé. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí à ń ki láti ẹnu wà nísàlẹ̀. Olójú méjì àti ìbọn afẹ́fẹ́ wà láàárín. Lókè pátápátá ni èyí tí ará ìlú kò gbọdọ̀ ní. Nọ́ńbà, ìyẹn fífẹ̀ ọta, ni òfin náà fi dárúkọ ìbọn ológun níbẹ̀: 7.62 àti 9 mìlímítà, .300 àti .303 íǹṣì. Ẹ wo 7.62 yẹn dáadáa, ọta SKS ni. .303 ńkọ́? Ọta Lee-Enfield tí àwọn bàbá wa gbé lọ jagun ní Bọ́mà. Níbí, àgbẹ̀ tó jogún .303 lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ àgbà ń fi í pa àgbọ̀nrín jẹ, ó sì ń ra ọta rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà òjò. Ní Nàìjíríà, tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ láìní ìwé, òfin mìíràn tó dá lórí ìdigunjalè àti ìbọn ló máa mú ọ: owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ 20,000 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín: 20,000 yẹn kò lè ra ìdajì àpò ìrẹsì mọ́, ṣùgbọ́n ọdún 10 ṣì jẹ́ ọdún 10.

Bàbá mi ní ìwé tirẹ̀, ó wé e sínú ọ̀rá. Àwọn tó dá a dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan kò tilẹ̀ tú ọ̀rá náà. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ó fi itan ọ̀yà kan sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ.

Kí n tó gba láísẹ́ǹsì níbí, kíláàsì ni mo kọ́kọ́ lọ, mo ṣe ìdánwò, ìwé àti ọwọ́, 80 nínú 100 ló kéré jù tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbà. Èèyàn méjì jẹ́rìí sí mi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè gbọ́dọ̀ dúró ó kéré tán ọjọ́ 28. Èyí tó dùn mọ́ ìyàwó mi nínú jù ni pé wọ́n béèrè òun náà. Ó ní, "Bí mi ò bá fọwọ́ sí i ńkọ́?" Mo ní wọ́n á sọ fún un pé mo fẹ́ ra ìbọn, wọ́n á sì gbọ́ ohun tó bá fẹ́ sọ. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fọ abọ́. Ọdún márùn-ún-márùn-ún la ń tún ìwé náà gbà, kọ̀ǹpútà ọlọ́pàá sì ń yẹ orúkọ gbogbo ẹni tó ní in wò lójoojúmọ́ bóyá wọ́n ti dẹ́ṣẹ̀. Nínú ilé, ìbọn gbọ́dọ̀ wà ní títì pa, láìsí ọta nínú rẹ̀. SKS tó ń gba ọta 10, wọ́n ti kan irin mọ́ ọn nínú kó má bàa gbà ju 5 lọ. Lójú mi, gbogbo ìyẹn tọ́. Ó wù mí kí irú rẹ̀ wà nílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dojú rú ni pé òfin tó gbọ́n báyìí kì í jókòó. Ní oṣù Kẹrin 2020, ọkùnrin kan pa èèyàn 22 ní Nova Scotia, ní Kánádà níbí, láàárín òru ọjọ́ kan sí ọ̀sán kejì. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, Trudeau, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, kéde pé nǹkan bí 1,500 irú ìbọn di èèwọ̀. Ruger Mini-14 wà nínú wọn, Onírùngbọ̀n sì ní ọ̀kan tó fi ń lé ìkookò kúrò lẹ́yìn màlúù bàbá rẹ̀. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn pẹ̀lú ìbọn, ẹ̀ṣẹ̀ ló gbé sùn. Kò lè yìn ín mọ́, kò lè tà á, ìjọba ní kó kàn tọ́jú rẹ̀ ná. Ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin títí dòní bí òkú tí wọn ò tíì rí owó ìsìnkú rẹ̀.

A máa ń jiyàn lórí rẹ̀. Mo ní kó rántí pé Mini-14 ni wọ́n fi pa obìnrin 14 nílé ẹ̀kọ́ École Polytechnique ní Montréal ní 1989, kí ló fẹ́ sọ fún ìyá wọn? Ó ní òun gbọ́, àmọ́ SKS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà ń ki ara rẹ̀, ọta 5 lòun náà ń gbà, kí ló dé tí ọ̀kan fi di èèwọ̀ tí èkejì kò dì? N ò rí ìdáhùn kan fún un, mo sì rò pé àwọn tó kọ ìwé orúkọ náà ò ní in. Ní oṣù Kọkànlá 2022, wọ́n fẹ́ fi irú SKS kún un. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Kánádà, tí ọ̀pọ̀ wọn ń fi í wá ẹran jẹ ní àríwá, fárí gá, àwọn ọdẹ náà sì pariwo. Ní oṣù Kejì 2023, ìjọba kó ọ̀rọ̀ náà padà. Ní oṣù Kejìlá 2024, irú 324 mìíràn tún wọ inú ìwé èèwọ̀, SKS kò sí níbẹ̀. Onírùngbọ̀n ní kí n ra SKS yẹn lọ́wọ́ òun kí ìjọba tó dé orí rẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́, ṣé èmi lo fẹ́ kí wọ́n wá mú?

Nílé, ìwé 1959 yẹn ò mì, ewu ló yí padà. Ìlú tí ìmàdò jẹ́ ẹ̀rù wọn nígbà bàbá mi, ajínigbé ni wọ́n ń sá fún báyìí. Wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní oṣù Kìíní 2020, àwọn ọdẹ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní 2022, Rótìmí Akérédolú tó jẹ́ gómìnà Oǹdó nígbà náà sọ ọ́ gbangba pé kí wọ́n jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn náà gbé AK-47, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń lé nìyẹn. Èmi tí mo fara mọ́ gbogbo àgádágodo Kánádà, n ò mọ ẹnu tí mo máa fi sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ oko lóru pé kó mú sùúrù.

Àbúrò mi ló jogún Májẹ̀ẹ́ńpadàlófo. Ó wà lára àwọn tó ń ṣọ́ ìlú. Ó pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọwọ́ ọ̀sán ni níbí, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, irú ti òyìnbó yẹn, ẹ ò lè fi ránṣẹ́?"

Mo ní, "7.62 ni. Ọdún mẹ́wàá ni."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ àrá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n dúró ná, kí òun wá ọ̀rá wé ìdí ìbọn.