Àyẹ̀wò ọdún mi: ipasẹ̀ Àjàyí, ohùn Màmá

Òní ni ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ yìí gan-an, ní 1891, ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther papò dà ní Èkó. Ọdún tuntun ti fẹ́ẹ̀ wọlé kó tó lọ. Láti àárọ̀ ni mo ti ń rò ó, torí bí ẹ bá bi mí pé kí ni mo fi ọdún yìí ṣe, orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí mi lẹ́nu. Màmá mi ni yóò tẹ̀ lé e.

Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí. Ní iléèwé, wọ́n kọ́ wa pé Àjàyí ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ìjọ Áńgílíkà, pé Canterbury ni wọ́n ti fi í jẹ ẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, 1864. Ó parí síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa pé ìlú wa wà nínú ìtàn náà. Àfi ìgbà tí ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, tí mo ka lẹ́tà tí Àjàyí fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní 1837 nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú. Ní 1821, ogun ya wọ Oṣóògùn, ìlú rẹ̀, láàárọ̀, wọ́n so ọmọdé àti ìyá ọmọ lókùn mọ́ra wọn lọ́rùn, Ìṣẹ́yìn sì ni wọ́n kọ́kọ́ kó wọn wá. Ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ti pín wọn bí ẹní pín ẹrù. Ọmọ bí ọdún méjìlá ni. Ẹṣin kan ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ tí wọ́n yà á kúrò lọ́dọ̀ Àfàlá, ìyá rẹ̀. Mo pa ìwé náà dé. Mo jókòó pẹ́. Ìlú tí mo ti ń sáré kiri látìgbà tí mo ti gbọ́n ni.

Bó ṣe di pé mo ní màá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi tí agbára mi bá ká nìyẹn. Mo dé Oṣóògùn ní oṣù Kejì, ọyẹ́ ò tíì lọ tán. Mi ò pẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fojú ara mi wo bí ọ̀nà ibẹ̀ sí Ìṣẹ́yìn ti gùn tó fún ọmọ tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní oṣù Kẹrin, ó kan Badagry. Odidi ọdún kan àbọ̀ ni Àjàyí àtàwọn míṣọ́nnárì òyìnbó méjì, Townsend àti Gollmer, fi wà níbẹ̀ láàárín 1845 sí 1846, torí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó pè wọ́n sí Abẹ́òkúta, ti kú, ọ̀nà ò sì ṣe é gbà. Lẹ́yìn tí mo kúrò níbi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ yẹn, mo wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fù. Mo na fóònù síta kí n ya fọ́tò, omi gbá ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, fóònù yọ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó dún “tó,” ó tán. Ọlọ́kọ̀ wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan.

Kì í ṣe fóònù ló dùn mí. Ohùn Màmá ló wà nínú rẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì tí mo ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀: òwe, àlọ́, oríkì ilé wa, orin tí wọ́n ń kọ nídìí òfì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Mi ò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò lè sọ fún wọn.

Inú ìbànújẹ́ yẹn ni mo wà tí mo fi kà nípa iná 1862. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa. Àjàyí ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ó tún un tẹ̀ ní 1852. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣa ọ̀rọ̀ àti òwe kún un, bó ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún mọ́kànlá gbáko. Iná sọ nílé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jóná. Ọdún mọ́kànlá! Èmi tí mo ń sunkún ọdún méjì. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú Bíbélì tó ń túmọ̀ sí Yorùbá, Ìwé sí àwọn ará Róòmù ló ti kọ́kọ́ jáde ní 1850, odidi Bíbélì Yorùbá sì dé ní 1884. Òun nìkan kọ́ ló ṣe é, Thomas King àtàwọn mìíràn bá a ṣe é. Mi ò bá wọn gbà lórí Èṣù tí wọ́n sọ di orúkọ ọ̀tá Ọlọ́run, títí di òní ni ìyẹn ń dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Yorùbá ṣe dùn tó, kó lọ ka Sáàmù sókè.

Mo ra ìwé olójú ewé igba, mo wọkọ̀ lọ bá Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́. Wọ́n ní, “Ṣé ẹnu mi náà ti bọ́ sómi ni? Jókòó.” A tún bẹ̀rẹ̀ láti oríkì.

Kíkọ le ju gbígba ohùn lọ. Tí àmì ohùn bá yí, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ mìíràn. Alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ka Jóòbù orí keje fún wọn kí wọ́n tó sùn, níbi tó ti ní ọjọ́ òun yára ju ọ̀kọ̀ ìwunṣọ lọ. Bíbélì mi ti pẹ́, kò sí àmì lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo kà á bí mo ṣe ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì látọdúnmọ́dún: ọkọ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ ojú omi ni. Màmá gbé orí sókè. “Ọkọ̀ wo nìyẹn? Ọ̀kọ̀ ni.” Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n jù ú sí òsì, òsì gbà á, ó jù ú padà, àfi bíi pé òwú wà níwájú wọn. Ọ̀kọ̀ òfì, tí kì í dúró lójú kan. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ka ẹsẹ yẹn fún ìjọ, mi ò rí i rí àfi alẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ti ṣètò pé ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ni màá wà ní Abẹ́òkúta, torí ọjọ́ yẹn ní 1846 ni Àjàyí fojú kan ìyá rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Wọn ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn ń wo ara wọn. Ní 1848, Àfàlá ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah. Mi ò lọ. Ibà dá Màmá dúbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn ni mo wà tí mò ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí wọn. Wọ́n ti gbádùn, mo dúpẹ́.

Ibi tó dùn mí jù nínú ayé Àjàyí ni òpin rẹ̀. Ọkùnrin tó wà nínú ìrìn àjò odò Ọya ní 1841, níbi tí ibà ti pa àwọn òyìnbó lọ bẹẹrẹbẹ, tó tún padà síbẹ̀ ní 1854 àti 1857, tó dá ìjọ Onitsha sílẹ̀. Ní 1890, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì tí wọn ò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ jókòó ṣe ìdájọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níṣojú rẹ̀, wọ́n dá wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, bàbá arúgbó náà sì fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ọdún kejì ló kú. Ní 2014, Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Canterbury tọrọ àforíjì lórí ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ jù.

Mi ò dé Lọ́kọ́ja, mi ò dé Onitsha, Abẹ́òkúta ṣì ń dúró dè mí. Ìwé olójú ewé igba ti dé ojú ewé 83, mo sì ti ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò mi méjèèjì. Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń kọ èyí. Màmá ti wọṣọ ìsìn àìsùn tán, ìborùn wà léjìká wọn, wọ́n ní kí n fi fóònù sílẹ̀ kí n wá di bàtà àwọn. Wọ́n tún ní òwe kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí àwọn lọ́kàn. Mo ń mú bíírò.