Lọ́ńdọ̀nù tí Aṣọ Kọ́

Bí òde kan bá ń bọ̀ fún àwa Yorùbá Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀lé e ni, "Ó yá, ká lọ sí Liverpool Street." Kì í ṣe ọkọ̀ ojú irin la fẹ́ lọ wọ̀. Òpópónà Wentworth, tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ náà, la ní lọ́kàn, níbi tí àwọn ìsọ̀ léèsì àti àǹkárá ti tò tira wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lè lo odindi ọ̀sán níbẹ̀. Ní tèmi, ìnájà máa ń tètè sú mi, mo sì máa ń yọ́ jáde lọ rìn kiri àdúgbò. Ìrìn yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé ohun tí wọ́n ń tà nínú ìsọ̀ kéré lára iṣẹ́ tí aṣọ ti ṣe ní apá ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ilé kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé aṣọ ló pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa rí.

Ẹ kọjá sí Spitalfields, kí ẹ wọ Fournier Street tàbí Princelet Street, kí ẹ wá gbójú sókè. Lórí ọ̀pọ̀ ilé bíríkì àtijọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ ó rí i pé fèrèsé òkè àjà fẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri tán. Òkè àjà sì rèé, ibi tí àwọn ẹlòmíì ń kó ẹrù tí wọn ò lò sí! Kí ló fẹ́ fi gbogbo ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe? Òfì ni. Ní 1685, Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, fagi lé òfin tó fàyè gba àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ rẹ̀ láti máa jọ́sìn bí wọ́n ṣe fẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn sá wá sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ń hun aṣọ sẹ́dà sì pọ̀ nínú wọn. Fọ́nrán sẹ́dà tín-ín-rín gan-an ni, àwọ̀ rẹ̀ sì lè sún mọ́ra débi pé lábẹ́ iná àbẹ́là, ahunṣọ ò ní mọ èyí tó jẹ́ búlúù yàtọ̀ sí aláwọ̀ ewé. Oòrùn ló nílò, oòrùn ìlú yìí ò sì ṣeé fi yangàn. Wọ́n bá gbé òfì lọ sókè pátápátá, níbi tí òjìji ilé ọ̀kánkán ò dé, wọ́n sì la fèrèsé tó fẹ̀.

Princelet Street yìí náà ni Anna Maria Garthwaite gbé, ọmọ àlùfáà ni, láti ìgbèríko ló sì ti wá. Kì í hun aṣọ. Yíyàwòrán ni iṣẹ́ rẹ̀: òdòdó, ewé, èso, tó ń tà fún àwọn ahunṣọ kí wọ́n lè hun ún sára sẹ́dà. Ó kú ní 1763, ṣùgbọ́n ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwòrán rẹ̀ ṣì wà ní mùsíọ́mù V&A. Mo ti wo díẹ̀ nínú wọn. Ìfọ̀kànbalẹ̀ tó wà nínú wọn yà mí lẹ́nu, nítorí gbogbo òdòdó tó dà bíi pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yẹn, ó ti ní láti ka òwú tó máa gbé wọn kí wọ́n tó dé orí òfì.

Ní igun Fournier Street àti Brick Lane, ilé ìjọsìn kan wà tí àwọn ará Faransé yẹn kọ́ ní 1743. Nígbà tó yá, ó di sínágọ́gù àwọn Júù, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ télọ̀. Láti 1976 sì rèé, mọ́ṣáláṣí ni, fún àwọn ará Bangladesh tí iṣẹ́ aṣọ rírán gbé wá sí àdúgbò náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé àlejò ò ní ohun tó fi kan ìlú yìí. Ọwọ́ àlejò labẹ́rẹ́ wà láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Bí ẹ bá tún rìn lọ sí ìhà odò, ẹ ó dé Cable Street. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan, William Perkin, ti ń gbìyànjú nínú ilé bàbá rẹ̀ ní 1856 láti fi ohun tó wá láti ara ọ̀dà èédú ṣe kuiníìnì, oògùn ibà. Oògùn ò jáde. Ohun tó jáde ni àwọ̀ elésè àlùkò tí kì í ṣá bọ̀rọ̀, aró àtọwọ́dá àkọ́kọ́ tó di ọjà ńlá. Kò pé ọdún méjì tí Ọbabìnrin Victoria fi wọ àwọ̀ náà lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, ibà tó ń bá wa jà nílé náà lọ́wọ́ sí i pé àwọ̀ tó jẹ́ ti àwọn olówó tẹ́lẹ̀ di ti gbogbo ayé.

Nípa aṣọ tí à ń wọ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi ní ìmọ̀ràn tó wúlò jù nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Wo inú ọrùn aṣọ kó o tó wo ojú rẹ̀." Òfin ló sọ pé kí wọ́n kọ irú fọ́nrán tí wọ́n fi hun aṣọ sí lébẹ́ẹ̀lì, pẹ̀lú ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Irun àgùntàn lè gba omi tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù. Òwú kò lè dán irú ẹ̀ wò. Bí òjò bá ti lè pa á, òtútù ló máa fi pa ẹni tó wọ̀ ọ́. Pọlisítà ní tirẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n ti ṣẹ̀dá rẹ̀ ní 1941. A máa ń bú u pé kò jẹ́ kí ara mí, òótọ́ sì ni, àmọ́ nílé ìtọ́jú àgbàlagbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n lú mọ́ òwú fi ṣe aṣọ iṣẹ́ wa. A fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ó tètè gbẹ, kò sì béèrè áyọ́ọ̀nù. Ẹni tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ kì í bá irú aṣọ bẹ́ẹ̀ jà.

Ní Greenwich, aṣọ kúrò lára ènìyàn pátápátá. Lẹ́yìn mùsíọ́mù ọkọ̀ ojú omi tó wà níbẹ̀, ìgò ńlá kan wà tí Yínká Shonibare, oníṣẹ́ ọnà, fi ọkọ̀ ogun sínú rẹ̀, ìgbòkun 37 sì ni ọkọ̀ náà ta, gbogbo wọn dà bí àǹkárá. Trafalgar Square ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí ní 2010. Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ tó dára ni: aṣọ tí àwọn ará Hóláńdì wò lára bátíìkì Indonéṣíà, tí a wá sọ di tiwa, òun ló wá ń gbé ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rìn.

Létí odò, ní Greenwich kan náà, ni òrùlé ńlá funfun O2, gbọ̀ngàn eré, wà, ó fẹ̀ tó mítà 365, òpó 12 ló sì gbé e ró. Aṣọ ni òrùlé náà o! Gíláàsì tí wọ́n fà di fọ́nrán, tí wọ́n hun, tí wọ́n wá fi Teflon bò kí òjò lè máa yọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tó mú un dúró ni pé wọ́n fà á le gírígírí káàkiri. Bí ó bá dẹ̀, ó parí. Ní February 18, 2022, ìjì tí wọ́n pè ní Eunice fa apá kan rẹ̀ ya, tí àkísà ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè lójú gbogbo ayé. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n fi aṣọ tuntun dí ojú ihò.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ sún mọ́ nǹkan wọ̀nyí, V&A ṣí ilé ìkóǹkansí wọn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní Stratford ní May 2025. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè yan ohun márùn-ún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, wọn á sì gbé e jáde fún yín. Mo ti yan sẹ́dà Spitalfields kan àti àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan. Ẹ̀yìn wọn gan-an ni mo fẹ́ wò, nítorí ojú nìkan ni wọ́n máa ń fi hàn wá láti inú gíláàsì, ẹ̀yìn ni èèyàn ti ń rí ibi tí ahunṣọ ti so òwú tó já, àti ibi tí ẹ̀kọ ti jẹ́ kí aró wọlé.