Ẹ Lu Àmì sí Ìhà tí Fáíbà Yín Kọjú sí Kí Ẹnikẹ́ni Tó Gé E

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí lórí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi fáíbà, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fún un lágbára, sínú rẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Inú ṣì ń bí mi, bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ fara dà á.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Písítìnnù àlòkù tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe ni mo rà ní Gate n'Ìbàdàn, nítorí sílíkọ́nù tó wà nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ kó ṣàn dáadáa nínú mọ́ọ̀dù. Kábọ̀nì fáíbà ló ní wàhálà. Alumíníọ̀mù lásán ti ń yọ́ ní 660°C, àmọ́ kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ kábọ̀nì àfi bí ooru bá sún mọ́ 1000°C. Bí ooru bá sì ti pọ̀ tàbí tó pẹ́ jù, àwọn méjèèjì á para pọ̀ di kábáìdì, tí kì í tẹ̀, tó kàn ń fọ́ ni. Torí náà la ṣe fi níkẹ́ẹ̀lì bo fáíbà, a tò ó kó kọjú síbì kan náà, a da alumíníọ̀mù lé e, a sì fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè wọ inú rẹ̀.

Mo gbé irin pẹlẹbẹ náà lọ sọ́dọ̀ baba kan tó ń gé irin. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ọfà sí i lára, mo ní, “Baba, ẹ jọ̀ọ́, bí ọfà yìí ṣe lọ ni kí ẹ gé e o.” Ẹ má bi mí bóyá mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́, ọmọṣẹ́ wọn gbọ́. Àwọn tó gé náà dán, wọ́n dọ́gba. Ojú lásán ò lè mọ ibi tí fáíbà kọjú sí mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ sẹ́mínà gan-an ni èsì tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti láàbù tó fa àwọn irin náà títí wọ́n fi já. Irin tó ní fáíbà nínú ti já kí alumíníọ̀mù lásán tó já, kì í sì í ṣe díẹ̀ ló fi kéré sí i. Mo gbé e sójú ògiri níwájú gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú àwọn olùdánwò bọ́ awò ojú wọn, wọ́n wò ó, wọ́n tún un wò. “Ọmọ mi, o mú ohun tó dáa, o náwó lé e lórí, o wá bà á jẹ́. Ìkòkò tí wọ́n fi ń ro àmàlà ní Bódìjà le ju èyí lọ.” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi tó ń bójú tó iṣẹ́ náà tẹjú mọ́ bàtà wọn. Mo ń sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé sà,” bẹ́ẹ̀ mi ò ní àlàyé kankan lẹ́nu. Kábọ̀nì fáíbà tí àìnà rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń kọ̀ láti nà, tó 230 GPa (gígápásíkà, òṣùwọ̀n àìnà), tí ti alumíníọ̀mù ò ju bíi 70 lọ, báwo ló ṣe wá di ẹrù sí mi lọ́rùn? Wọ́n ní kí n jókòó. Mo jókòó, mo sì ń gbọ́ tí àwọn kan lẹ́yìn mi ṣì ń sọ̀rọ̀ àmàlà.

Lábẹ́ máíkrósíkópù ni mo ti rí i. Níbi tó já, fáíbà dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ara wọn mọ́, alumíníọ̀mù ò lẹ̀ mọ́ wọn. Wọ́n ti gé e ní ìbú! Omi tó ń dà sí ayùn ló fọ ṣọ́ọ̀kì mi nù, Baba sì rí i pé bí àwọn bá gé e ní ìbú, èyí tó máa yọ níbẹ̀ á pọ̀ ju ti gígùn lọ. Wọ́n ní, “Àǹtí, irin ni irin ń jẹ́. Kò níwájú, kò lẹ́yìn.” Ti irin tiwa yìí ní o. Bí ẹ bá fà á ní gígùn fáíbà, fáíbà ló ń gbé ẹrù. Bí ẹ bá fà á ní ìbú, ibi tí fáíbà àti alumíníọ̀mù ti pàdé ló ń jẹ gbogbo ìyà, pẹ̀lú kábáìdì tó bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ti la igi rí mọ̀ pé bí àáké bá ti tẹ̀lé ojú igi, kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀.

Mo dúró ti Baba títí wọ́n fi gé ìyókù ní gígùn, ó le ju ti lásán lọ, orí fáíbà yọ ṣóńṣó níbi tó já, àwọn olùdánwò sì gbà á.

Nítorí náà, púǹṣì, irin ṣóńṣó tí wọ́n ń fi òòlù lù, ni kí ẹ lò, kì í ṣe ṣọ́ọ̀kì. Ẹ lu àmì sí gbogbo igun, torí ẹ ò mọ igun tí wọ́n máa gé sọnù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi omi gé e: omi ń tú kábáìdì yẹn ká, ó sì ń tú gáàsì mẹ́tẹ́ènì jáde. Ẹ dúró ti ẹni tó ń gé e. Ẹ ní kí láàbù kọ ìhà tí wọ́n fà sórí èsì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń tún sọ, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní owó fáíbà gíláàsì kò pọ̀, kó mọ̀ pé alumíníọ̀mù tó yọ́ á jẹ ẹ́ lára. Ẹni tó bá sì ní iṣẹ́ yìí ò wúlò, ọ̀pá tó gbé áńtẹ́nà Hubble, awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, tí wọ́n rán sí òfuurufú ní 1990, kábọ̀nì fáíbà nínú alumíníọ̀mù ni.

Ẹ̀yin onífáíbà kúkúrú, irú èyí tí Toyota fi sínú písítìnnù ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ní àwọn ọdún 1980, ẹ má rò pé kò kàn yín. Bí ẹ bá ti fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, tiyín náà á sùn sílẹ̀, agbára rẹ̀ lóròó kò sì ní dọ́gba pẹ̀lú ti ìbú. Ẹ kọ èyí tó jẹ́ òkè sára rẹ̀ kó tó kúrò nínú mọ́ọ̀dù.