Oòrùn Fẹ́ẹ̀ Pa Mí Lórí Sẹ́ẹ̀tì n'Ákùúrẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí FUTA, yunifásítì tó wà n'Ákùúrẹ́, tẹ́ẹ ti di bọ́ọ̀tù mọ́ ẹrù yín láti ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le.

Ọdún kejì mi ni, oṣù Fẹ́búárì, oòrùn ń ta bí ata, aago méjì ọ̀sán la lọ gbá sẹ́ẹ̀tì. Èèyàn márùn-ún márùn-ún, òkúta méjì méjì la fi ṣe ilé, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbá góòlù méjì wọlé sí lára á bọ́ síta fún àwọn tó ń dúró. Àwa ò bọ́ síta o. Ẹgbẹ́ mẹ́rin la lé jáde tẹ̀léra, orí mi ti wú, bẹ́ẹ̀ gàrí nìkan ni mo mu láàárọ̀, n ò sì fi omi kan ẹnu látìgbà yẹn. Nígbà tó di ìkarùn-ún, bọ́ọ̀lù di méjì lójú mi, mo bá gbá èyí tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àfi gbì, mo ti wà nílẹ̀.

Abẹ́ máńgòrò ni mo ti lajú, wọ́n ń da píọ́ wọ́tà lé mi lórí. Ohun tó yẹ kí n ti rí ni pé òógùn ti gbẹ lára mi, ara mi sì gbóná bí agolo tí wọ́n sá sóòrùn. Tẹ́ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀ lára ẹnikẹ́ni, tó tún ń sọ̀rọ̀ kántankàntan, ẹ má dúró bi í pé ṣé ó lè parí sẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e síbòòji, ẹ bọ́ ẹ̀wù ẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ gbé e lọ ọsibítù kíá.

Látìgbà náà, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń jáde, àbí mọ́júmọ́ kí oòrùn tó yọ. Omi lásán ò sì tó fẹ́ni tó ti lààgùn bẹ́ẹ̀. Píọ́ wọ́tà méjì ló máa ń jẹ́ lítà 1, ẹ da ṣúgà ṣíbí kékeré 6 àti ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀ sí i, ẹ rò ó pọ̀, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Kì í dùn, ẹ mu ún bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà máa ń gan bí síméńtì lásìkò yìí, ẹni tó bá yọ́ ṣubú, orúnkún ẹ̀ á sọ fún un.

Tó bá jẹ́ ìran lẹ fẹ́ wò, ẹ lọ wo Sunshine Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àkúrẹ́, nígbà tí wọ́n bá ń gbá ní pápá táúnṣíìpù, ẹ jókòó síbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ á ti wà lẹ́yìn yín, ẹ ra ọsàn bíbó dání. Àwọn èwe ìsinsìnyí ò mọ̀ pé ẹgbẹ́ yìí dé sẹ́mì-fáínà Champions League ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2012, wọ́n gbá ọ̀mì 3-3 pẹ̀lú Al Ahly ilẹ̀ Íjíbítì, àmọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbà wọ́n lálejò, kì í ṣe Àkúrẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ká mi lára. Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè Ìdànrè, kó tètè jí, àtẹ̀gùn ẹ̀ lé ní 600, àpáta yẹn á sì ti gbóná tó bá fi máa di ọ̀sán.

Tọ́sàn-án bá wá pọ́n gan-an, ẹ lọ síbi táwọn bàbá ti ń ta ayò lábẹ́ igi. Ihò 12, ọmọ ayò 48, òógùn kankan ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kí wọn dáadáa, "mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ," wọ́n á ní "ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn." Ọ̀ta lẹni tó mọ ayò ta, ọ̀pẹ lẹni tí ò tíì mọ̀ ọ́n. Bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe ládùúgbò wa ló kọ́ mi, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà báyìí, ọ̀pẹ náà ni mo ṣì ń jẹ́ níwájú wọn, n ò sì tíì fọhùn.