Òkè Tí Òjò Ń Jẹ

Ọjọ́bọ̀, àárín oṣù Keje

Ní Debundscha, abúlé kan létí òkun ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù, òjò tó ń rọ̀ lọ́dún kan tó nǹkan bíi mílímítà 10,000. Èkó níbí, tí gbogbo wa ń pariwo pé òjò fẹ́ pa wá, tiwa kì í sábà tó 2,000. Láti àná ló ti ń rọ̀ ní Bàrígà. Iná ti lọ, títì ti di odò, kò sì sẹ́ni tó ń retí mi níbì kankan. Ìwé ni mo wá dojú kọ.

Ohun tó jẹ́ kí òjò Debundscha gbà mí lọ́kàn ni pé òkè kan náà ni iná ti ń jáde. Òkè Kamẹrúùnù ga ju mítà 4,000 lọ, ó sì bú jáde ní 1999, ní 2000 àti ní 2012. Bí iná ṣe ń kọ́ ọ lókè ni òjò ń wó o nísàlẹ̀. Nílé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n kọ́ wa bíi pé òkè ayọnáyèéfín á kọ́kọ́ dàgbà tán, kí ogbó tó wá dé. N kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n ti ń wó o. Gíga tí à ń rí kò ju iye tí iná fi ṣíwájú òjò lọ.

Ẹ wo Parícutin ní Mẹ́síkò. Ní oṣù Kejì 1943, àgbẹ̀ kan wà lóko àgbàdo rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ là, tí eérú àti èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kí ọdún tó yí po, òkè tó wà níbẹ̀ ti ju mítà 300 lọ. Ní 1952 ó dákẹ́, kò sì tún fọhùn mọ́. Ọdún 9 péré ni iná fi ṣe tirẹ̀. Ìyókù di ti òjò àti atẹ́gùn. Mo fẹ́ràn Parícutin nítorí pé a mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù, ìṣirò la fi ń mọ ọjọ́ orí wọn.

Ìṣirò yẹn gan-an ni mo fi ọ̀pọ̀ nínú ọ̀sán òní kà. Èròjà kan wà nínú òkúta tó ń jẹ́ potassium, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì máa yí padà di gáàsì argon, láìyára, láìdúró. Nígbà tí òkúta ṣì wà ní yíyọ́, gáàsì náà ń sá lọ. Bó bá ti dì, kò rọ́nà lọ mọ́. Ẹni tó bá wọn iye argon tó há sínú rẹ̀ lè sọ ìgbà tó dì. Èyí tó kàn ni kí a mọ iye tó ti ṣòfò lára òkè náà. Òjò máa ń gbẹ́ àfonífojì sára òkè tó ti darúgbó, ṣùgbọ́n láàárín àfonífojì kan sí èkejì, awọ àtijọ́ òkè náà máa ń ṣẹ́ kù, ní onígun mẹ́ta. Wọ́n á fi kọ̀ǹpútà so àwọn ajẹkù yìí pọ̀, òkè náà á padà rí bó ṣe rí léwe, wọ́n á wá yọ èyí tó wà lónìí kúrò nínú rẹ̀. Ohun tó bá kù ni òjò jẹ. Ìṣirò ọmọ ìwé mẹ́fà ni, àmọ́ ẹni tó máa gun òkè lọ kó òkúta náà wá ló niṣẹ́!

Kì í sì í ṣe òjò nìkan ní ń wó òkè. Òkúta yíyọ́ tí silica, èròjà tó pọ̀ nínú yanrìn, kò pọ̀ nínú rẹ̀ ń ṣàn bí ògì tó lómi jù, á tẹ́ lọ jìnnà kó tó dì, òkè rẹ̀ á sì fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀, bíi Mauna Loa ní Hawaii. Èyí tí silica pọ̀ nínú rẹ̀ ki, ó ń sé gáàsì mọ́nú, ọjọ́ tí gáàsì náà bá sì rọ́nà, ẹ sá. Láàárọ̀ ọjọ́ 18 oṣù Karùn-ún 1980, Mount St. Helens ní Amẹ́ríkà pàdánù nǹkan bíi mítà 400 lórí ara rẹ̀.

Ìgbì òkun náà ń jẹ tirẹ̀. Surtsey yọ láti inú òkun lẹ́bàá Iceland ní oṣù Kọkànlá 1963. Nígbà tí iná rẹ̀ kú ní 1967, ó fẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2.7. Bí ìdajì rẹ̀ ló ti lọ báyìí. (Ẹni tó bá mọ Bar Beach àtijọ́ kò nílò àlàyé.) Ṣùgbọ́n omi gbígbóná tó ń gba inú eérú àárín rẹ̀ kọjá ti so eérú náà pọ̀ di òkúta líle, ìyẹn á sì pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, mo jáde lọ ra búrẹ́dì, mo sì bá Àlàájì tó ń ta yanrìn létí ọ̀sà pàdé.

“Pùrọ̀fẹ́ṣọ̀, kí lo tún ń kà?”

“Àwọn òkè tó ń yọ iná ni, sà.”

“Bíi Olúmọ?”

Mo ní rárá, pé Olúmọ kò yọ iná rí, pé abẹ́ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni irú òkúta bẹ́ẹ̀ ti dì, kí ohun tó bò ó tó ṣí kúrò.

“Ta ló wá ṣí i?”

“Òjò náà ni, sà. Ó ń fọ́ àpáta, Odò Ògùn sì ń ru yanrìn rẹ̀ bọ̀ wá sínú ọ̀sà.”

Ó wo òkìtì yanrìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Kó máa fọ́ ọ lọ jàre. Ibẹ̀ la ti ń jẹun.”

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi fẹ́ kí n kọ nípa Hawaii. Mo mọ ìdí: ó tò. Ilẹ̀ abẹ́ òkun ń sún lórí orísun iná ní bíi sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10 lọ́dún, nítorí náà àwọn erékùṣù tò láti ọmọdé dé arúgbó, títí kan àwọn tó ti rì. Ìlà òkè ayọnáyèéfín tiwa kò tò bẹ́ẹ̀. Láti Annobón nínú òkun, ó gba São Tomé, Príncipe àti Bioko dé Òkè Kamẹrúùnù, ó tún ya wọ Nàìjíríà dé Biu, nǹkan bíi kìlómítà 1,600, ọmọdé àti àgbà dà pọ̀ mọ́ra, àwọn onímọ̀ sì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀ títí di òní. Ní Plateau, Àpáta Wase dá dúró ní pẹ̀tẹ́lẹ̀: ọ̀nà ọ̀fun òkè kan ni, òkúta tó dì sínú rẹ̀ ló kù, gbogbo ara òkè náà ti lọ. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀. Òun á ní àkọsílẹ̀ kò pọ̀ tó, èmi á ní ìyẹn gan-an ló yẹ kó jẹ́ ká ṣe é. Ọjọ́ Ajé la máa rí ara wa.